Àpótí àdìmọ́ àti owó inú géèmù: ẹ jẹ́ kí a pa ìmọ̀ràn pọ̀

Eléré Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò, nítorí pé ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi, ọmọ ọdún 16, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC ni àwa méjèèjì ń gbá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FIFA kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2023. Ní tèmi, kí a yan ẹgbẹ́ kí a sì gbá a ni mo fẹ́ràn. Òun kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju Ultimate Team lọ, níbi tí ó jẹ́ pé káàdì agbábọ́ọ̀lù ni èèyàn ń kó jọ, tí inú páàkì ni káàdì náà ti ń jáde, tí èèyàn sì lè fi owó gidi ra póìǹtì láti ṣí páàkì. Irú páàkì bẹ́ẹ̀, tí a kì í mọ inú rẹ̀ kí a tó sanwó, ni mo ń pè ní àpótí àdìmọ́ (loot box). Ó bẹ̀ mí pé kí n fi káàdì báǹkì mi sórí ẹ̀rọ náà, mo sì kọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ pé èmi ni mo ń jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òun máa na òun.

N kò lòdì sí i pé kí ẹni tó ṣe géèmù jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n gba owó mi kí n tó mọ ohun tí mo rà. Bí mo bá dé ọjà Bódìjà, tí ẹni tó ń ta ẹ̀wà di ẹnu àpò pa, tí ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí n tó mọ̀ bóyá ẹ̀wà ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí ẹrùpẹ̀, n kò ní í ná an lọ́jà. Ohun tí a ń sanwó sí láìmọ ohun tí yóò bọ́ sí wa lọ́wọ́, kàlòkàlò ni, ìbáà jẹ́ ojú fóònù ni ó wà, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ilé ọtí.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ṣí páàkì náà. Ọmọ yóò tẹ bọ́tìnì, ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn, iná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, àsíá orílẹ̀-èdè kan yóò yọ, ipò tí agbábọ́ọ̀lù náà ń gbá yóò tẹ̀ lé e, àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yọ, ìgbà náà ni agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn jáde. Bí àsíá bá jẹ́ ti Brazil, àbúrò mi yóò ti dìde dúró. Bí àmì ẹgbẹ́ tó yọ kò bá jẹ́ èyí tí ó ń retí, yóò ní, "Ó kù díẹ̀!" Kò kù díẹ̀ rárá. Kí iná àkọ́kọ́ tó tàn ni ẹ̀rọ ti mọ káàdì tí yóò gbé fún un. Iná àti àsíá wà níbẹ̀ kí ó lè rò pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, kí ó sì tún ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ owó náà sì tún wà níbẹ̀. Dọ́là 70 ni wọ́n ń ta géèmù tuntun báyìí. Nígbà tí dọ́là kan bá ń lọ sí náírà 1,400, náírà 98,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ láti ọdún 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ẹni tó bá ti san èyí tán ni wọ́n tún ń na ọwọ́ páàkì sí. Bí ọdún bá sì yípo, tí géèmù tuntun jáde, gbogbo káàdì agbábọ́ọ̀lù tó kó jọ kò ní í bá a dé inú tuntun.

Ìbéèrè mi rèé: báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é nílé yín? Kí ni ẹ lè sọ fún ọmọ tó gbà pé láìsanwó òun kò lè borí? Ibo ni ẹ̀yin fúnra yín pààlà sí láàárín owó tó tọ́ àti owó tí kò tọ́?

Onísọ́ọ̀bù Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò o. Èmi ni mo ni sọ́ọ̀bù géèmù, PS4 (PlayStation 4) ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ mi. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ Ultimate Team nínú sọ́ọ̀bù náà. Kick Off ni a ń gbá, oníkálùkù á yan ẹgbẹ́ tó wù ú, ẹni tó bá pàdánù á gbé páàdì sílẹ̀, ẹni tó borí á dúró. Bí ẹni méjì bá jọ mú Real Madrid, ẹsẹ̀ kan náà ni agbábọ́ọ̀lù wọn ní, kò sí owó bàbá ẹnikẹ́ni tó lè fi eré sísá kún un. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá sọ pé òun kò lè borí láìsanwó, ẹ mú un lọ sí sọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ yín. Àwọn ọmọ tó ń fi Kick Off nìkan kọ́ bí a ṣe ń gbá a mọ ọ̀nà àtigba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ àti ìgbà tí kò yẹ, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè gbára lé.

Ìmọ̀ràn mi kejì: ẹ máa ra síídì bí ẹ̀rọ yín bá ń lo síídì. Síídì ṣeé tà, ó ṣeé pààrọ̀, ó ṣeé yá ọ̀rẹ́. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ènìyàn lè gbé èyí tí ó ti gbá tán lọ, kí ó fi owó díẹ̀ lé e, kí ó sì gba òmíràn. Èyí tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ọjọ́ àtúntà.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ọmọkùnrin méjì ni mo ń tọ́ ní London, ọ̀rọ̀ yìí sì ti jẹ mí lógún débi pé mo máa ń tẹ̀ lé ohun tí àwọn ìjọba ń ṣe lórí rẹ̀. Ìpinnu wọn kò bára mu rárá, ó sì yẹ kí àwọn òbí mọ̀ ọ́n.

Ní Belgium, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ níbẹ̀ sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2018 pé àpótí àdìmọ́ inú FIFA 18, Overwatch àti Counter-Strike: Global Offensive ta ko òfin tẹ́tẹ́. EA, ilé iṣẹ́ tó ṣe FIFA, kọ́kọ́ janpata, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2019 wọ́n dáwọ́ títa póìǹtì FIFA dúró ní orílẹ̀-èdè náà. Ní Netherlands, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 Euro lé EA lórí lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fagi lé e ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n ní páàkì kò dá dúró, apá kan ni ó jẹ́ nínú géèmù tó ń béèrè ìmọ̀ọ́ṣe. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba sọ ní oṣù keje ọdún 2022 pé àwọn kò ní í tún òfin tẹ́tẹ́ ọdún 2005 kọ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn rí i pé ọmọdé kò rà á láìgba àṣẹ òbí. N kò fara mọ́ ìpinnu yẹn. Ohun tí wọ́n gbára lé ni pé ẹni tó jẹ káàdì kò lè gbà á padà ní owó, nítorí náà kì í ṣe tẹ́tẹ́ lójú òfin. Lójú tèmi, ẹni tí kò tilẹ̀ lè rí owó gbà padà bí ó bá jẹ ni ó pàdánù jù.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ má ṣe dúró de òfin. Ẹ ka ara páálí géèmù kí ẹ tó rà á. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sára páálí, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, bí a bá ń ta ohun tí a kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú géèmù náà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Nínú ilé tèmi, n kò fi káàdì sórí ẹ̀rọ kankan. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, mo máa ń ra káàdì ẹ̀bùn oníye owó kan fún un, bí ó bá ti ná an tán, ó ti tán nìyẹn títí di ìgbà mìíràn.

Oníkóòdù Yábàá

Ẹ̀gbọ́n Eléré Ìbàdàn, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbà pé páàkì tí a kò mọ inú rẹ̀ burú. Síbẹ̀, iṣẹ́ géèmù ṣíṣe ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkejì pẹ̀lú. Géèmù orí fóònù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ṣe lónìí, irú bíi eFootball, Call of Duty: Mobile, PUBG Mobile àti Free Fire, ọ̀fẹ́ ni a gbà wọ́n. Sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù ró lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń jẹ owó lójoojúmọ́, a sì ń san owó oṣù fún àwọn tó ń tún un ṣe. Àwọn díẹ̀ tó ń rajà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ tí kò san kọ́bọ̀ ró. Bí a bá ní kí gbogbo géèmù padà sí dọ́là 70, àwa tí a wà ní Nàìjíríà ni a ó kọ́kọ́ bọ́ síta.

Nítorí náà, ohun tí èmi ń wò ni oríṣi ọjà tí wọ́n ń tà. Fortnite ń ta aṣọ tí wọ́n ń pè ní skin: ẹ rí i, ẹ rí iye rẹ̀, kò sì fi agbára kún ìbọn yín. Kódà ní apá kejì géèmù náà, tí wọ́n ti ń ta àpótí àdìmọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí a lè rí inú rẹ̀ kí a tó sanwó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Èmi kò ní wàhálà pẹ̀lú irú títà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù Warframe tilẹ̀ ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹgbẹ́ mi kọ́. Wọ́n fi ohun kan sínú géèmù wọn tí ènìyàn lè sanwó fún kí àwọ̀ irun ajá rẹ̀ yí padà, láìmọ àwọ̀ tí yóò jáde. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà 200, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Owó ń wọlé fún wọn níbẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́.

Eléré Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi Oníkóòdù, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, pàápàá ti Warframe yẹn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ tí a rí kí a tó rà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yin Fortnite kọjá ààlà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mú kí Epic Games, ilé iṣẹ́ tó ni Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là. Mílíọ̀nù 275 nínú rẹ̀ jẹ́ ìtanràn lórí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọdé, mílíọ̀nù 245 tó kù sì jẹ́ owó tí wọn yóò dá padà fún àwọn tí wọ́n gba owó wọn lọ́nà àìtọ́. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n to bọ́tìnì lọ́nà tí ènìyàn fi lè ra nǹkan nígbà tí ó kàn fẹ́ wò ó, àti pé ọmọdé lè fi káàdì òbí ra nǹkan láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè àṣẹ. Ọjà tí a rí lójú náà lè ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú bí wọ́n ṣe ń tà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé kò sí ohun tí eléré lè ṣe, ẹ rántí Star Wars Battlefront II, géèmù EA kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, kí géèmù náà tó jáde, àwọn eléré rí i pé Darth Vader, tó jẹ́ òpó ìtàn náà, ni a tì pa mọ́ ẹ̀yìn 60,000 kírẹ́díìtì (owó inú géèmù náà), bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti san 60 dọ́là fún géèmù ọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ níláti gbá a fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, tàbí kí ó ra àpótí. EA fèsì lórí Reddit, ìkànnì ìjíròrò kan, pé ìdí rẹ̀ ni pé kí eléré lè ní ìmọ̀lára ìgbéraga àti àṣeyọrí. Ìbínú àwọn ènìyàn pọ̀ débi pé ìbò àìfaramọ́ tó ju 600,000 lọ ni wọ́n dì lu èsì yẹn, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Wọ́n já owó Vader sí 15,000, kò tó. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde rẹ̀, wọ́n pa gbogbo rírà pẹ̀lú owó gidi inú rẹ̀ tì. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2018, àpótí náà kò ní ohun tó lè mú ẹnikẹ́ni borí nínú mọ́. Eléré ló ṣe é, kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ẹ̀gbọ́n Onísọ́ọ̀bù, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Kick Off yẹn, n ó mú àbúrò mi dé sọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Mo kí gbogbo yín. Ohun kan wà tí kò tíì jẹ yọ: ní Nàìjíríà, àwa tí a ń lo PlayStation kò sí lórí ìwé wọn. Orílẹ̀-èdè wa kò sí lára àwọn tí PSN, ìkànnì PlayStation tí ilé iṣẹ́ Sony ni, ń ṣiṣẹ́ fún, nítorí náà àkántì Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣí, káàdì ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè yẹn ni a sì fi ń rajà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sony sọ pé ẹnikẹ́ni tó ń ṣe Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àkántì PSN, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti sanwó tí wọ́n sì ti ń ṣe é fún oṣù mélòó kan. Kíá ni wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ju 170 lọ tí PSN kò sí, tiwa sì wà lára wọn. Àwọn eléré kárí ayé kọ àgbéyẹ̀wò tí kò dára sí i lọ́tùn-ún lósì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Sony sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbèjà wa ń gbé níbi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti kàn wọ́n rárá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kó owó púpọ̀ sínú àkántì tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè yín. Ẹ ra káàdì ẹ̀bùn tó kan géèmù tí ẹ fẹ́ rà nìkan, kí ẹ sì pa nọ́ńbà àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ kan ti àkántì ọ̀rẹ́ mi pa pẹ̀lú owó nínú, kò sì rí ẹni fẹjọ́ sùn, nítorí pé ibi tí ó sọ pé òun ń gbé kọ́ ni ó ń gbé. Ní ti Steam, ohun tó dára níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá ra géèmù tí kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè béèrè owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì ṣe é tó wákàtí méjì.

Ọmọbìnrin Òṣogbo

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ojú obìnrin wo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé iṣẹ́ nìkan ni ó ń mú ọmọdé ra aṣọ àti páàkì. Àwa eléré ń bá wọn ṣe é. Nínú Fortnite, ọmọ tó wọ aṣọ ọ̀fẹ́ tí géèmù fún un ni wọ́n ń pè ní "default", wọ́n sì ń fi orúkọ náà bú u. Ìròyìn kan tí ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé ní England gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 sọ ọ́ kedere: àwọn ọmọ sọ pé àwọn ń ra aṣọ kí ẹgbẹ́ àwọn má baà fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbí pẹ̀lú. Mo máa ń gbọ́ ọ lórí máìkì nínú Call of Duty: Mobile, kí wọ́n máa pe ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò tàn yanran ní tálákà. Bí wọ́n bá sì gbọ́ ohùn mi pé obìnrin ni mí, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn kò ṣeé kọ síbí.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Eléré Ìbàdàn, kí ẹ tó bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ owó, ẹ bi í léèrè ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìtìjú ni ó ń sanwó fún. Ní tèmi, mo máa ń pa ohùn ẹnikẹ́ni tó bá bú ọmọdé lórí máìkì, mo sì máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn nínú géèmù náà. Ẹgbẹ́ tí mo ń bá ṣe é nísinsìnyí jẹ́ ẹni tí mo mọ̀, ìlànà wa sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aṣọ ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Òṣìṣẹ́ Báǹkì, Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin yìí ká mi lára. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni èmi yóò sọ. Àwọn òbí máa ń wá sí káúńtà wa pé wọ́n jí owó àwọn, tí a bá sì wo àkọsílẹ̀, géèmù ni. Lórí fóònù Android, ẹ wọ ètò inú Google Play, kí ẹ yàn án pé kí ó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra nǹkan. Lórí iPhone, ẹ wọ Screen Time, kí ẹ ti rírà ọjà inú áàpù pa. Bí ọmọ yín bá ti ná owó láìgbàṣẹ nínú Google Play, ẹ tètè béèrè rẹ̀ padà kí wákàtí 48 tó pé, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ẹni tó ṣe áàpù náà ni wọn yóò darí yín sí. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ lo káàdì, ẹ gba káàdì dọ́là tí ó yàtọ̀ sí ti owó oṣù yín, kí ẹ má sì fi ju ohun tí ẹ fẹ́ ná lọ sínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ máa yí póìǹtì padà sí náírà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Kírẹ́díìtì, dáyámọ́ǹdì, UC, CP, orúkọ owó inú géèmù ni wọ́n: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ń mú kí ènìyàn gbàgbé pé owó ni òun ń ná. Wọ́n sì máa ń tà á ní ìwọ̀n tí kò bá iye ọjà mu, kí díẹ̀ lè ṣẹ́kù tí yóò máa fà yín padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Yúróòpù gbé ìlànà jáde pé kí ilé iṣẹ́ máa fi iye owó gidi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú owó inú géèmù bẹ́ẹ̀. Títí tí ìyẹn yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, bírò àti ìwé ni ẹ ó lò.

Àgbà Eléré, Houston

Mo ti ń ṣe géèmù kí púpọ̀ nínú yín tó dáyé, mo sì rántí ọdún 2006 tí wọ́n ta ìhámọ́ra ẹṣin fún wa ní dọ́là méjì àbọ̀ nínú géèmù Oblivion. A pariwo nígbà náà pé nǹkan tí kò wúlò ni. Lónìí, mo ń wò ó pé ó kéré tán, ìhámọ́ra ni a rà, ìhámọ́ra náà ni a sì rí.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti géèmù tí wọ́n ń pa lẹ́yìn tí a ti rà á. Ilé iṣẹ́ Ubisoft ti sáfà The Crew pa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024. Géèmù ọkọ̀ ni, ọdún 2014 ni ó jáde, ẹni tó ní síídì rẹ̀ lọ́wọ́ kò sì lè wà á mọ́, kódà bí ó bá fẹ́ dá wà á lóun nìkan. Ìyẹn ni ó mú kí Ross Scott, eléré kan tó ń ṣe fídíò sórí YouTube, dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, tí àwọn ará Yúróòpù tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2025. Ní California, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025 pé ẹni tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ni ó rà, kì í ṣe géèmù gan-an. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi Onísọ́ọ̀bù, síídì nìkan kò tó ààbò. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ wádìí bóyá ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lè wo GOG, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn gba fáìlì géèmù rẹ̀ pátápátá kí ó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó wù ú.

Eléré Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi obìnrin ti Òṣogbo, mo bi ọmọ náà léèrè bí ẹ ṣe sọ, òótọ́ sì ni ẹ sọ: ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ni ó ń fi àwòrán ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp. Ìyẹn ni a kọ́kọ́ jókòó sọ, ó sì pẹ́ kí ó tó lè sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò àti ìwé. EA fúnra wọn ti ń kọ ìṣeéṣe sára páàkì láti FIFA 19, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì ń jẹ́ "kò tó 1%" fún àwọn káàdì tí ọmọ ń wá. Mo ní kí a tilẹ̀ ṣe é bí ẹni pé ó pé 1%. Ó rò pé bí ènìyàn bá ṣí 100 páàkì, ó dájú pé yóò rí i. A ṣírò rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù: nínú 100 ènìyàn tó bá ṣí 100 páàkì, bí ẹni 37 ni kò ní í rí nǹkan kan. Ó dákẹ́, ó tún un ṣírò fúnra rẹ̀, ohun kan náà ni ó bọ́ sí. Ó ní kí ló dé tí wọn kò kọ ìyẹn sára páàkì.

A ti fẹnu kò sí i pé òun lè máa gbá Ultimate Team pẹ̀lú kọ́ìnì tó bá jẹ nínú géèmù, kò ní í sí póìǹtì, kò sì ní í sí káàdì mi lórí ẹ̀rọ. Owó tí ì bá fi ra póìǹtì, yóò kó o jọ fún síídì míràn, òun ni yóò sì yàn án. Ó ń béèrè géèmù tí òun àti èmi lè jọ gbá nínú yàrá kan náà láìlo dátà, yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù.

Onísọ́ọ̀bù Abẹ́òkúta

Ẹ wá Mortal Kombat 11 fún un bí ẹ kò bá kórìíra ẹ̀jẹ̀, tàbí Tekken 7 bí ẹ bá kórìíra rẹ̀. Méjèèjì wà lórí síídì PS4, ẹni méjì lè fi páàdì méjì jà níwájú ẹ̀rọ kan, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì fún ìyẹn. Èyí tí ẹlòmíràn ti lò ni kí ẹ rà, kí ẹ yí ẹ̀yìn síídì náà sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí ó fi sínú ẹ̀rọ lójú yín.